Adérónkẹ́, yọ bẹ́líìtì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ jáde

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.

Adérónkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ọ̀rọ̀ Corolla tòkúńbọ̀ tí o rà ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O ní bẹ́líìtì ẹ̀yìn há, mẹkáníìkì sì ní kí o fi sílẹ̀, pé tiwájú nìkan ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń wò. Má dá a lóhùn. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan lọ́nà Gbọ̀ngán, ọmọ tí kò so bẹ́líìtì lẹ́yìn kò ní dúró lẹ́yìn. Ẹ̀yìn orí ìwọ tó ń wakọ̀ ló máa bá.

Gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú ná. Tó bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí tí o já bẹ́líìtì gbà, ó máa ń ti ara rẹ̀ pa. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò bà jẹ́. Fà á jẹ́jẹ́. Bó bá há pinpin, fà á tagbára-tagbára lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kó padà wọlé bí ìka méjì, kí o wá tún rọra fà á.

Bó bá ń jáde ṣùgbọ́n tí kò padà, ìdọ̀tí ni: eruku, òógùn, òróró àkàrà ọwọ́ àwọn ọmọ. Fà á jáde tán, fi pẹ́ẹ̀gì tí o fi ń sá aṣọ há a kó má baà sá wọlé. Fi búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, nu ihò tó ń gbà kọjá, kí o jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Háípò ò gbọdọ̀ kàn án. Ó ń jẹ òwú rẹ̀, ojú ò sì ní rí i.

Ẹnu tí ahọ́n irin ń wọ̀ ńkọ́? Tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. Owó ẹyọ, èèpo ẹ̀pà àti èérún bisikí ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Dojú ẹ̀ dé, tẹ bọ́tìnnì pupa, gbọ̀n ọ́n. Má da ọ́ìlì sí i o! Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá há ju ti àná lọ. Ki ahọ́n irin bọ inú ẹ̀. Tó bá ti dún kọ̀, fà á tagbára-tagbára. Bó bá já sílẹ̀ pẹ́rẹ́, pààrọ̀ rẹ̀.

Pààrọ̀ èyí tí etí rẹ̀ ti gbó pẹ̀lú, má gbé e fún aránṣọ. Má sì jẹ́ kí wọ́n tú ibi tó ká sí, nítorí sípíríńgì tó wà nínú ẹ̀ le. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí o bá rí lábẹ́ ìjókòó iwájú, ti báàgì afẹ́fẹ́ ni. Rewáyà tó mọ̀ ọ́n ni kó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn tó bá ti yọ orí bátìrì.

Ọmọ kan, bẹ́líìtì kan. Apá ìsàlẹ̀ á jókòó sórí egungun ìbàdí, kì í ṣe ikùn. Tòkè á gba orí èjìká, kì í ṣe abẹ́ abíyá. Èyí àbíkẹ́yìn ṣì kéré sí i; ra ìjókòó ọmọdé fún un.

Àwọn tó rán kọ́fà ìjókòó ti bo àwọn ẹnu bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, mo mọ̀ wọ́n síbẹ̀. Di etí iwájú ìjókòó ẹ̀yìn mú, fà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Á já kúrò lára ike tó dì í mú. Ka iye ẹnu bẹ́líìtì tí o bá rí. Mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ méjì, pè mí kí o tó dá ìjókòó padà.

Èmi ni ìyá rẹ.