Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń fọ ìgò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i tí ìwé ìròyìn gbé iṣẹ́ àwọn tó ń wádìí májèlé ní yunifásítì jáde. Àmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan la máa ń rí nínú fọ́tò. Èmi tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò mọ̀ pé ìdajì ìròyìn nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òjé (lead), irin tó jẹ́ májèlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òjé ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kò gbọdọ̀ lo ìgò tí wọ́n kàn ṣàn lásán. Ìgò náà á sùn mọ́jú nínú ásíìdì, wọ́n á fi omi tí wọ́n sẹ́ mọ́ tónítóní ṣàn án léraléra, wọ́n á wá dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ níbi tí eruku kò ti lè bà lé e. Òjé wà nínú eruku, ó wà nínú ọ̀dà àtijọ́ lára ògiri, ó tiẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò. Bí bíńtín bá kó sínú ìgò, àyẹ̀wò á sọ pé ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe ti fara kó májèlé.

Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fojú rí i. Ó ń fi ìwọ̀n òjé wá ọjọ́ orí ilé ayé, ṣùgbọ́n òjé inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ń da ìṣirò rú títí tó fi sọ ìmọ́tótó di olórí iṣẹ́. Ní 1956 ó gbé e jáde pé ayé ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Ìmọ́tótó yìí náà ló jẹ́ kó rí i pé òjé inú epo pẹtiróòlù ti ba afẹ́fẹ́ jẹ́ káàkiri, ó sì kọ ọ́ síta ní 1965. Ìjà láti yọ òjé kúrò nínú epo pẹ́ gan-an: 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn, tó ṣíwọ́ títa epo olójé fún ọkọ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú eku tí wọ́n fi ń dán májèlé wò ńkọ́? Kí ẹ̀rọ tó sọ pé ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́, òun ti rí i láàárọ̀ pé irun eku kan dìde, pé ó ká ara jọ sí igun, tí kò sì fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀. Russell àti Burch, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ láti 1959 pé kí á wá ohun mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ṣeé ṣe, kí á dín iye wọn kù, kí á sì dín ìrora wọn kù. Ta ló ń mú ìyẹn ṣẹ lójoojúmọ́ bí kò ṣe òun?

Ibi tí mo ti mọ ilé ìwádìí tó dára ni ìpàdé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú u wò fínnífínní. Tí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bá lè nawọ́ níbẹ̀ kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgò ọjọ́ yẹn ò dá mi lójú,” tí ọ̀gá sì ní kí wọ́n tún un ṣe, àbájáde ibẹ̀ ṣeé gbára lé. Ó dùn mí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró tí owó ìwádìí bá tán, gbogbo ohun tó mọ̀ á sì bá a lọ.

Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ, kó ní kí wọ́n mú òun dé yàrá tí wọ́n ti ń fọ ìgò àti ilé àwọn eku. Kó gba orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kó sì bi àwọn aláṣẹ bóyá iṣẹ́ wọn á ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín