Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbo ni mí ní Ìbàdàn. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń jókòó ti kòkò àgbo létí gáréèjì, àgbo jẹ̀dí ló sì ń tà jù lọ lọ́wọ́ mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa làwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà ti ń yí mi ká. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá àgbo ló ń kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, wà lára àwọn oníbàárà mi. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, Ìbàdàn sí Ṣakí. Ẹni ọdún 44 ni nígbà tó sọ fún mi pé òun ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ òun. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. O ti ń jókòó jù nídìí ọkọ̀, o sì fẹ́ràn nǹkan dídùn." Mo bu àgbo fún un: egbò òrúwọ, ewé asùnwọ̀n, àlùbọ́sà eléwé àti kán-ún. Ó mu ún, ó yàgbẹ́ dáadáa, ara tù ú. Ó fi mínírà sílẹ̀, kò fi ṣúgà sí ògi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ó tún padà. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ń bu, òun ń mu.

Nígbà tó yá, ó lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ wá tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, bó sì ti ń dìde nílé ìgbẹ́ ló tún ń ṣe é bíi pé kò tíì yà á tán. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. A ra oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ọjọ́ tí ikùn rẹ̀ wú, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí kò yàgbẹ́ tí kò sì só, la tó gbé e lọ sí ọsibítù. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Jẹjẹrẹ ti dí ìfun ńlá rẹ̀ pa, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n yọ ẹnu ìfun síta lára ikùn rẹ̀, wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Èmi ni mo ń pààrọ̀ ọ̀rá yẹn. Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà la sin ín.

Níbi ìsìnkú, àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ayé ló ṣe é. Mi ò bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Pelé, agbábọ́ọ̀lù Brazil tí àbúrò mi ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, jẹjẹrẹ ìfun ńlá yìí kan náà ló pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Àìsàn ni. Ó ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ní bó ṣe ń rìn.

Dókítà ya ìfun sórí ìwé fún mi. Ó ní kókó kékeré kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù nínú rẹ̀, bí olú ṣe ń hù lára igi. Kì í dunni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í di nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí tó máa di jẹjẹrẹ lè lò tó ọdún mẹ́wàá kó tó dà á. Tí wọ́n bá rí i kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n á gé e kúrò, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Mo bi í bóyá àgbo mi ló fà á. Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ yẹn... Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ ohun tó kù.

Ó ní kí àwa tá a jọ ti inú ìyá kan jáde wá ṣe àyẹ̀wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí, nítorí ìdí ni wọ́n ń gbà wò ó. Mo lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn tó fọ ikùn mi mọ́ nini, tó le ju àgbo èyíkéyìí tí mo tíì sè lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n fi okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọlé. Kí n tó jí, wọ́n ti parí. Kókó méjì ni wọ́n bá, wọ́n gé méjèèjì. Èmi rèé tí mo ń kọ̀wé sí yín, àbúrò mi sì wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London sọ pé lọ́dọ̀ wọn, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń fi ike kékeré ránṣẹ́ sílé ẹni 50 sí 74 ọdún. Èèyàn á fi igi inú rẹ̀ tọ́ ìgbẹ́ díẹ̀, á fi í ránṣẹ́ padà, kí wọ́n lè wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí. Kò sẹ́ni tó ń fi ike ránṣẹ́ sí wa níbí. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tí a bá fojú ara wa rí gbọ́dọ̀ tó láti lé wa dìde.

Ti oúnjẹ, dókítà ní kí a dín ẹran pupa kù, pàápàá sọ́séèjì àti ẹran inú agolo; kí a fi sìgá àti ọtí sílẹ̀; kí a máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, kí a sì máa rìn. Àgbo tí a fi ọtí rẹ, mi ò tà á mọ́ láti ọjọ́ náà.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Bí ẹ bá gba ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà: ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí bó ṣe ń yàgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lọ sí ọsibítù kó tó ra oògùn. Ẹnikẹ́ni ò lè fojú lásán mọ ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí yàtọ̀ sí ti jẹjẹrẹ.

Èmi náà kì í ta fún ẹni tó bá dárúkọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ọlọ́kadà kan padà. Inú bí i, ó kọjá sọ́dọ̀ alágbo kejì. Mo dìde tẹ̀ lé e, mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún àwọn méjèèjì lórí ìdúró. Alágbo náà gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé kòkò rẹ̀ padà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alágbo,
Ìbàdàn.