Ẹ Má Tíì Tún Ẹ̀rọ Ìgéko Tó Ṣe Yín Léṣe Ṣe

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde kí àsìkò òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí àsìkò yìí ni ẹ̀rọ ìgéko tí à ń gbé kọ́ èjìká kì í sinmi ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, láti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí àwa tí à ń tún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń bẹ aráàlú fún kò ju ẹyọ kan lọ. Bí abẹ ẹ̀rọ bá já tó ṣá ènìyàn lẹ́sẹ̀, tàbí àdá tuntun yọ kúrò nínú èèkù rẹ̀ tó gé ènìyàn lọ́wọ́, ẹ má gbé e wá fún wa kí a tún un ṣe. Ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó tà á kó lè fún yín ní òmíràn. Bí irin yẹn bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, owó gbà-máà-bínú ti bá a lọ nìyẹn.

Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó fara pa. Òfin ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 sọ ní abala 136 pé bí ọjà tó ní àbùkù bá ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ọrùn ẹni tó pèsè ọjà náà ni ẹrù rẹ̀ wà. Láti 1932 pàápàá ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dájọ́ obìnrin ará Sìkọ́tílándì kan tó ní òun bá ìgbín jíjẹrà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ra ohun mímu náà fún un, síbẹ̀ wọ́n ní ẹni tó ṣe ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tó máa lò ó, ì báà má jẹ́ òun ló san owó. Àwọn kóòtù wa ń tẹ̀lé ìdájọ́ náà. Nítorí náà, lébìrà tí ẹ háyà láti gé koríko lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ. Ìwé “a kì í gba ọjà tí a bá ti tà padà” tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kò pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́.

Ibi tí ẹjọ́ ti máa ń fọ́ ni ẹ̀rí. Ẹni tó pẹjọ́ ló máa fi hàn pé àbùkù ti wà lára ọjà kó tó dé ọwọ́ òun, irin tó kán ló sì mọ̀ ọ́n sọ.

Ẹ wo ojú ibi tí abẹ ti ya. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dán bíi fàdákà, ọjọ́ yẹn gan-an ló ya, bóyá ó lu òkúta. Bí apá kan bá ti dúdú tàbí tó dípẹtà, tí èyí tó kù ń dán, ó ti sán tipẹ́. Ìyẹn nìkan kò tíì dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó rí ibi tó sán tí kò pààrọ̀ abẹ. Ṣùgbọ́n bí àpótí jíà tó wà lókè abẹ bá fọ́, tí inú irin rẹ̀ sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí inú búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á. Kò sí bí oníbàárà ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyẹn.

Nọ́ọ̀tì tó di abẹ mú yàtọ̀: apá òsì là ń yí i sí kó tó le, apá ọ̀tún kó tó tú. Bí ó bá tú lẹ́nu iṣẹ́ tí ìlà inú rẹ̀ ṣì pé, a jẹ́ pé ẹni tó dè é kò dè é le. Bí ìlà náà bá fá dànù lára ẹ̀rọ tí kò tíì pẹ́ níta, irin tí kò le tó la máa kọ́kọ́ fura sí. Bákan náà, abẹ gbọ́dọ̀ dúró nígbà tí ẹ kò bá fún ẹ̀rọ níná. Bí kò bá dúró, ó lè jẹ́ sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì, tó ń já abẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ló já, ó sì lè jẹ́ mẹkáníìkì ló yí sukúrúù sílò, tó ń díwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ kò bá fún un níná, sókè jù. Tí ó bá jẹ́ èkejì, ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀bi wà, a ò sì gbọ́dọ̀ fi bò.

Àwọn ohun kan wà tó máa ba ẹjọ́ yín jẹ́: bí ẹ bá ti yọ gáàdì, ìyẹn ìbòrí abẹ, nítorí koríko ń dí i, bí abẹ bá jẹ́ èyí tí wẹ́dà jó pọ̀, tàbí tí ẹ fi abẹ tí kò bá ẹ̀rọ mu sí i. Iye ìgbà tí abẹ lè yí ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti gbé ẹni tó fara pa lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ẹlòmíràn ya fọ́tò ẹ̀rọ níbi tó wà, gáàdì rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, àti koríko tí wọ́n ń gé. Kí ó wá gbogbo ègé irin tó fò. Mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ tí ẹ so mọ́ igi máa ń rí nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà nínú koríko ju ojú lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró pa á, ẹ má sì kan àwọn ojú tó ya mọ́ ara wọn láti wò ó bóyá wọ́n bára mu, nítorí ẹ óò họ ẹ̀rí dànù. Ẹ fi ìwé gbígbẹ wé ègé kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹ fa epo inú táńkì jáde kí ẹ tó gbé e wọlé. Fóònù tí ẹ fi ya fọ́tò, ẹ má tà á: abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé-ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí fọ́tò ti jáde.

Bóyá ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni o, bóyá ilé-ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kó lè wọ inú fáìlì lọ́jọ́ náà. “Abẹ já, ó fò lu ojúgun” wúlò ju “ẹ̀rọ ṣe é léṣe” lọ. Kóòtù kì í fojú díwọ̀n owó tí ẹ ná, rìsíìtì ló máa béèrè. Ọlọ́kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ máa kọ iye àti ọjọ́ sínú ìwé kékeré lójoojúmọ́. Ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tún ní ọ̀nà mìíràn: òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó náà, létí láàárín ọjọ́ 7.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀ nítorí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kóòtù ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á, ẹ kọ sí ẹni tó kó o wọ̀lú náà. Kí ọjọ́ tí ẹ rà á, iye rẹ̀, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, ohun tó já, owó tí ẹ ti ná àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fèsì wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Bí wọn ò bá dáhùn, àjọ FCCPC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà wà, lọ́yà sì wà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó-oṣù tó kéré jù lọ lè tọ Legal Aid Council lọ, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn àgbà ọjà Atákúmọ̀sà bá sì bá yín parí rẹ̀, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé “mo ti gba owó mi, ó parí” kí dókítà tó sọ pé egbò ti jinná àti bóyá ọwọ́ máa lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Irin náà kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín títí owó fi máa pé.

Sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ní sípánà lọ́wọ́: bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó já wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bí ó bá ti ṣe é, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dá ẹ̀rọ náà padà fún olówó rẹ̀ bó ṣe wà.

Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìgéko,
Iléṣà.