Dúpẹ́, ìwé ìhágún rẹ ti di ti àtijọ́ o

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Manchester, òtútù ńkọ́, ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo rí fọ́tò ilé tuntun yín, inú mi dùn gan-an, ilé á tura o. Àmọ́ fọ́tò yẹn ló rán mi létí nǹkan kan tí mi ò lè pa mọ́ra: ìwé ìhágún tó o ṣe ní Èkó ní 2016 kó o tó lọ, ṣé o ti tún un ṣe? Nígbà yẹn o ò tíì lọ́kọ, màmá ṣì wà láyé, ilẹ̀ Ìkòròdú tí ìwọ àti àbúrò rẹ jọ dáwó rà nìkan lo ní. Wo bí gbogbo ẹ̀ ṣe yí padà.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí n yé pe ikú, mi ò pe ikú jàre, ẹ̀mí wa á gùn. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò dúró mọ́. Ọjọ́ tí ìwọ àti ọkọ rẹ lọ ṣe registry ní 2019 ni òfin ti fagi lé e. Wills Act ọdún 1837 ni wọ́n ṣì ń lò ní England níbẹ̀ yẹn, ohun tó sì sọ ni pé téèyàn bá ti ṣègbéyàwó, ìwé ìhágún tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ti kú nìyẹn, àfi tó bá kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé òun ń múra àtifẹ́ ẹni báyìí báyìí, kí ìwé náà má bàjẹ́. Òfin Èkó náà fara jọ ọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀ ní tiwọn. Èèyàn á wá tọ́jú bébà sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún gbọọrọ, kò ní mọ̀ pé kò wúlò mọ́.

Bó ṣe wà yìí, bíi pé o ò kọ nǹkan kan rárá ni. Ohun tó o ní ní England, ọkọ rẹ ló máa kọ́kọ́ mú £322,000 (láti July 2023 ni wọ́n ti gbé e débẹ̀) àti àwọn ẹrù rẹ, tí nǹkan bá ṣẹ́ kù, wọ́n á pín in sí méjì, ìdajì fún un, ìdajì fún àwọn ọmọ tí wọ́n bá pé 18. Ìyẹn ò burú. Ìpín tìrẹ nínú ilẹ̀ Ìkòròdú ló ń dùn mí. Ilẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà, òfin Nàìjíríà ló máa pín in, ọkọ àti ọmọ ló sì mọ̀, àbúrò rẹ tó ń lọ síbẹ̀ lọ gé koríko, tó ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ fà á, kò sí níbẹ̀. Ẹnu ara rẹ lo fi sọ fún mi pé òun lo fẹ́ fi sílẹ̀ fún.

Má sì sọ pé wàá kàn fi báírò tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ìbàdàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bí ọmọ méjì sí i lẹ́yìn tó ti ṣe ìwé tiẹ̀, ló bá fi báírò fa ìlà sórí orúkọ àwọn tó fún nílé, ó kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bí sókè ẹ̀ wínníwínní, ó tì í sínú àpótí aṣọ. Nígbà tó kú tí wọ́n gbé ìwé náà dé probate, ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù tó ń yẹ ìwé ìhágún wò, akọ̀wé kọ́ọ̀tù gbé bébà yẹn sókè sí ojú fèrèsé, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì hàn kedere lábẹ́ ìlà yẹn. Ó bi wá pé ta ló fọwọ́ sí i pẹ̀lú bàbá níbi tí wọ́n ti tún un ṣe. Kò sẹ́ni kankan. Bó ṣe jẹ́ pé èyí tí wọ́n tẹ̀ ló dúró nìyẹn, àwọn méjì tó kéré jù ò rí nǹkan kan nínú ilé tí bàbá wọn kọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí bàbá fẹ́ o, àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ òfin ni wọ́n ń wò. Ojú ìyá àwọn ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́.

Torí náà, wá lọ́yà. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ jù ni èyí: lọ́yà tó wà ní Manchester máa kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ pé o fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tó o ti ṣe rí. Bí gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Tó o bá wá ṣe ti Ìkòròdú níbí lọ́tọ̀, tó o sì tún lọ fọwọ́ sí tọ̀hún lẹ́yìn ẹ̀, tọ̀hún á pa tibí rẹ́ láìjẹ́ pé o mọ̀. Sọ fún un pé o ní ilẹ̀ nílé, kó kọ ọ́ pé ti England nìkan nìyí, kí lọ́yà tibí náà kọ ọ́ pé ti Nàìjíríà nìkan ni. Ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń fọwọ́ sí i, má jẹ́ kí àbúrò rẹ tàbí ìyàwó ẹ̀ wà nínú wọn, torí ẹni tó bá jẹ́rìí sí i ò lè jogún nínú ẹ̀, ìyàwó tàbí ọkọ onítọ̀hún náà ò lè jogún. Màmá lo fi ṣe executor, ìyẹn ẹni tó máa mú ohun tó o kọ sínú ìwé náà ṣẹ, wàá yan ẹlòmíì. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa gba àwọn ọmọ yẹn tọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá sí, torí tí ẹ ò bá kọ ọ́, kọ́ọ̀tù ló máa yan ẹni náà.

Pẹ́ńṣọ̀n ibi iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Orúkọ màmá ṣì lè wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Báǹkì Èkó náà, màmá ṣì ni next of kin níbẹ̀. Next of kin ò sọ èèyàn di ẹni tó ni owó, ẹni tí báǹkì máa pè ni, síbẹ̀ wọn ò lè pe òkú.

Mo máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ ní Sátidé, màá ya fọ́tò rìsíìtì ilẹ̀ àti survey ẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp kí lọ́yà rẹ lè rí nọ́ńbà tó wà lára plan. Tí owó lọ́yà tibí bá jẹ́ wàhálà, sọ fún mi kí n kọ́kọ́ san án, ká ṣe é kí oṣù yìí tó parí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣadé