Àbẹ̀kẹ́, wákàtí 13 kọ́ ni Èkó sí New York

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́. O ní wákàtí 13 péré ni, torí pé bàálù á gbéra ní Èkó ní 11:30 alẹ́, wàá sì dé New York ní 12:30 ọ̀sán ọjọ́ kejì. Rárá o, wákàtí 19 ni. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ ìgbéra, aago ìlú tó balẹ̀ sí ni wọ́n fi ń kọ ìbalẹ̀. Ní oṣù Kejìlá tí o ń lọ yìí, Èkó fi wákàtí 6 ṣáájú New York. Nígbà tí 12:30 ọ̀sán bá lù lọ́hùn-ún, 6:30 ìrọ̀lẹ́ ti lù níbí. Ka 11:30 alẹ́ dé 6:30 ìrọ̀lẹ́, wàá rí i. Tó bá jẹ́ oṣù Keje ni, wákàtí 5 ni ìyàtọ̀ náà, torí wọ́n ń sún aago tiwọn síwájú ní oṣù Kẹta, àwa kì í sún tiwa.

Èkó sí New York tààrà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8,450. London lo máa yà sí, ìyẹn bíi 5,000 dé ibẹ̀ àti bíi 5,540 láti ibẹ̀ dé New York. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ dé London, mẹ́jọ dé New York, mẹ́rin ààbọ̀ tó kù, orí ìjókòó ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London, ni.

Má bínú sí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o wá èyí tí ìdúró rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan kò rántí ọyẹ́. Tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo Ìkẹjà, bàálù kì í ríran gbéra, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ní Heathrow, wọ́n á tún yẹ ara àti àpò ọwọ́ rẹ wò, o sì lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí tẹ́míínà mìíràn. Wákàtí kan kò lè gba gbogbo ìyẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ni kí o rà, má ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó. Tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí o sì pàdánù ìkejì lórí ẹyọ kan, àwọn oníbàálù ló máa fi ọ́ sínú òmíràn. Lórí méjì, ìwọ lo máa ra tuntun. Ó sì ṣeé ṣe kí o jáde lọ gba ẹrù rẹ ní London, èyí tó lè béèrè físà wọn. Ní Ìkẹjà, kí o tó kúrò níwájú ẹni tó gba ẹrù, wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: JFK, ìyẹn pápákọ̀ New York, ni kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ LHR, ìyẹn Heathrow, nìkan lo rí, London ni ẹrù máa dúró sí. Sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Tí o bá ń padà bọ̀, New York sí London kò ní tó wákàtí mẹ́jọ. Ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkè ti ń fẹ́ wá. Ó ń dojú kọ bàálù ní àlọ, ó ń tì í lẹ́yìn ní àbọ̀.

Sọ fún àǹtí rẹ pé kó má tètè dé pápákọ̀. Ìlà àwọn aṣọ́bodè àti ìdúró de ẹrù lè gba wákàtí méjì. Kó wá ní 2:30, aago tiwọn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ