Ẹ jẹ́ ká gba oríkì agboolé wa sílẹ̀ kí ọdún Òkèbàdàn tó dé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, mo kí yín kú iṣẹ́ ìlú.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ sin ìyá àgbà kan ní agboolé kan nítòsí Ọjà Ọba. Nígbà tí wọ́n gbé òkú jáde, ilé pa lọ́lọ́. Ó yẹ kí àwọn obìnrin ilé máa ki ìyá, kí wọ́n fi oríkì orílẹ̀ baba rẹ̀ sìn ín lọ. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ, ìyá yẹn gan-an ló kẹ́yìn wọn. Ọmọ rẹ̀ kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dìde, ó ki ìlà méjì, ìyókù kò wá sí i lẹ́nu mọ́. Ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ikú ìyá rẹ̀ nìkan ló ń sunkún sí.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹnu kò ní ìpàdé pé ká dáwó, ká lọ gba oríkì, rárà àti ìtàn agboolé wa sílẹ̀, ká sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé.

Ẹlòmíràn á ní Yorùbá kò lè kú, ṣebí wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò láràárọ̀. Òótọ́ ni, èdè tí a fi ń ná ata lọ́jà kò tíì lọ. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ, tiwa ní Ìbàdàn sì lágbára. Àgọ́ ogun ni ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, ní Ìkòyí àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wá bá àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá níbẹ̀. Ilé wọn ti fọ́, ẹrù wọn ti sọnù, oríkì ni wọ́n rí gbé dé. Títí dòní, orúkọ ìlú tó ti dahoro ṣì wà nínú oríkì tí àwọn ìyàwó ilé kọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ wọn, tí wọ́n sì ń fi jí ọmọ láàárọ̀. Àwọn ọmọ tiwa, fóònù ló ń jí wọn.

Àwọn tó ṣíwájú wa ṣe tiwọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní Yorùbá lọ́dún 1911, ọdún 44 kó tó jẹ Olúbàdàn. Dénrelé Ọbasá, akéwì, tẹ Ìwé Kìn-ín-ní ti Àwọn Akéwì ní 1927. Ohun tí wọ́n kọ la rí kà. Èyí tí àwọn ojúgbà wọn mọ̀ tí wọn kò kọ ti bá wọn wọlẹ̀.

A fẹ́ ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì, ká sì sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọ àmì ohùn kọ dáadáa, torí ohùn wákàtí kan lè gba odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ. Bí ìyá bá pe "isu", "isu" la ó kọ. Bí Ìbàdàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Orin Òkèbàdàn náà, tòun ti èébú inú rẹ̀, a ó kọ ọ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n mọ́gàjí, olórí agboolé, ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí a gbà nílé rẹ̀. Ohun tí wọn kò bá fẹ́ kó jáde, kò ní jáde.

Ẹ̀dà mẹ́ta la ó ṣe, a ó sì tọ́jú wọn síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé èmi náà gba ohùn ìyá bàbá mi sórí fóònù nígbà kan. Fóònù náà jábọ́ nínú mọ́tò, mi ò ní ẹ̀dà kankan, ìyá sì ti kú.

₦10,000 ni ìdáwó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ fi kún un. Ẹni tí kò ní, kó mú wa lọ bá àgbà kan, tàbí kó bá wa kọ ohùn wákàtí kan sílẹ̀. Ìyẹn náà, ìdáwó ni. Kí owó dé ọwọ́ akápò kí oṣù Kejì tó parí, ká lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, nígbà Òkèbàdàn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú bá wálé.

Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ń ṣàárẹ̀, kó má dúró de ẹ̀rọ wa o. Ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní, ẹ tan fóònù yín, kí ẹ ní kí wọ́n ki yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́,
Ìbàdàn