Lẹ́tà sí Wálé nípa ilé Danny Tanner

Wálé ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń le, wọ́n ti tún òrùlé ilé Mọ́kọ́lá ṣe kí òjò tó dé, Súlè sì ti gbéyàwó.

Láti ìgbà tí o ti sọ fún mi pé Full House, eré apanilẹ́rìn-ín ti Amẹ́ríkà nípa Danny Tanner àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, ni àwọn ọmọ rẹ ń wò lálaalẹ́ ni èmi náà ti padà sí i, tí mo sì ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa bí wọ́n ṣe ṣe é. O kò lè gbàgbé bí a ti máa ń bá Jesse Frederick kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Délé. Àwòrán tí ó bá orin náà rìn ni ó kọ́kọ́ fi San Francisco hàn wá: afárá Golden Gate, ọkọ̀ pupa tí òrùlé rẹ̀ ṣí, àti gbogbo ẹbí tí wọ́n jókòó jẹun lórí koríko ní Alamo Square, tí àwọn ilé aláràbarà òpópónà Steiner sì tò lẹ́yìn wọn. A gbà pé ọ̀kan nínú wọn ni ilé Danny Tanner, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Ilé tí wọ́n ń fi ìta rẹ̀ hàn wà ní nọ́ńbà 1709, òpópónà Broderick, láti ọdún 1883 ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Sítúdíò ní agbègbè Los Angeles ni wọ́n ti ṣe èyí tí a ń rí nínú ilé. Jeff Franklin tí ó dá eré náà sílẹ̀ ra ilé Broderick náà ní 2016.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Michelle, àbíkẹ́yìn Danny. Òfin California kò gbà kí ọmọ ọwọ́ pẹ́ níwájú kámẹ́rà, nítorí náà ìbejì ni wọ́n gbà, kí ọ̀kan lè sinmi nígbà tí èkejì bá ń ṣeré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ bíi ti ẹnì kan ṣoṣo, Mary Kate Ashley Olsen, kí òǹwòran má baà fura. Ashley ni wọ́n kọ́kọ́ bí, síbẹ̀ orúkọ Mary-Kate ni ó ṣíwájú. Màmá, tí wọ́n jẹ́ Kẹ́hìndé fúnra wọn, ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí n má ṣàì sọ fún ọ.

John Posey ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe Danny, nítorí Bob Saget kò ráyè. Nígbà tí ó ráyè ni wọ́n tún àwọn ibi tí Danny wà yà, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC sì gbé eré náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1987. Saget ti dolóògbé ní oṣù Kìn-ín-ní 2022.

Wálé, ìdí tí àwọn ọmọ fi yan eré yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Ìyá àwọn ọmọ Danny ti kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mùtí tí ó wa ọkọ̀ ni ó pa á. Ẹ̀rín nìkan ni àwa rí nígbà yẹn, a kò béèrè ìyá wọn rí. Àwọn ọmọ rẹ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n sì ń rí i pé Jesse, àbúrò ìyàwó Danny, kó wá sílé, pé Joey ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kó wá, kò sì sí ẹni tí ó ní apá Danny kò ká a. Nínú Fuller House, ìtẹ̀síwájú eré náà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, D.J., àkọ́bí Danny, fúnra rẹ̀ ti di opó pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ àti Kimmy ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wá bá a gbé. Wọ́n fi àwòrán ìgbà èwe wọn sí ìbẹ̀rẹ̀ eré náà. Àdùkẹ́ ni mo rò nígbà tí mo rí i.

Túnjí sọ fún mi pé físà òun ti jáde, ṣùgbọ́n pé o ní kí òun má wá. Àbúrò Bísí ni, ó ń ṣọ̀fọ̀ tirẹ̀ náà, ó sì fẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí ó wá. Èmi náà lè gba ìsinmi nínú oṣù Kejìlá bí o bá gbà fún mi. Fún mi lésì kí oṣù yìí tó parí, kí n lè mọ ohun tí n ó sọ fún Màmá, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Akin